Apá Mọ Ọkọ́, Ẹsẹ̀ Mọ Òkè, Eré Ni Kò Tíì Mọ̀

Bí àgbàlagbà bá ń sáré lójú títì ní Ìsẹ́yìn láàárọ̀ kùtùkùtù, tí òjò kò ṣú, tí kò sí ọkọ̀ tó fẹ́ já a sílẹ̀, àwọn tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé yóò dá ìgbálẹ̀ dúró. "Ṣé kò sí o?" ni wọn yóò bi í. Bí ó bá fèsì pé kò sí nǹkan kan, pé òun kàn ń ṣe eré ìdárayá ni, wọn yóò ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọn yóò sì tún yọjú wo ọ̀nà tó gbà wá, bóyá nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò yẹ ká bínú sí wọn. Àwọn bàbá wa ló kúkú sọ pé ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Lójú tiwa, ọmọdé ló ń sáré, yálà wọ́n rán an níṣẹ́ tàbí ara rẹ̀ yá. Àgbà tó bá ń sáré, nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè yẹn nìkan ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sílé, wọn kò sì jáde mọ́. Síbẹ̀, òun kọ́ ló le jù. Èyí tó le jù ni pé àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré sísá ní Òkè-Ògùn kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Láti Ìsẹ́yìn dé Òkèhò, láti Ṣakí dé Ìgbòho, Kíṣì àti Ìgbẹ́tì, iṣẹ́ agbára la fi ń jẹun. Púpọ̀ nínú iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọkà bàbà tí àwọn ará Ìbàdàn ń jẹ, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń lọ, ọwọ́ ènìyàn tó di ọkọ́ mú ló sì gbìn ín. Ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ olùkọ́ tó ṣì ń lọ sóko ní gbogbo Sátidé. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé irin lẹ́yìnkùlé ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí àyà rẹ̀ ti yọ. Ó lè jẹ́ ìyá olóúnjẹ tó ń gún iyán fún odindi gáréèjì. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń gun òkè tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́, ẹni tí ijó bàtá kò lè mú kó rẹ̀ ẹ́ láéláé.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì á so aṣọ mọ́ ẹni yìí lápá, á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ máa ru, pé kó máa ṣe ohun tí yóò mú ọkàn rẹ̀ ṣiṣẹ́ déédéé. Eré sísá ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, nítorí kò náni lówó. Yóò wọ bàtà, yóò tẹ eré mọ́lẹ̀. Kó tó dé òpó iná kẹta, àyà rẹ̀ ti ń jó, ó ti fọwọ́ ti orúnkún, ó ń mí hẹlẹ bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì gun àjà. Lọ́jọ́ kejì, ojúgun rẹ̀ ń ro ó. "Eré ò sí lára mi," ni yóò wí, yóò sì padà sídìí irin tàbí ọkọ́ tó mọ̀ ọ́n.

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu àwọn tí agbára wọn ju tèmi lọ fíìfíì. Ó máa ń dùn mí, nítorí kì í ṣe òótọ́. Eré wà lára wọn. Wọ́n ń sá a ju bó ti yẹ lọ ni, kò sì sẹ́ni tó fi bí wọ́n ṣe ń rọra sá a hàn wọ́n rí.

Ẹ jẹ́ ká wo ahunṣọ kan nídìí òfì ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí a kò lè dárúkọ aṣọ òkè ká má dárúkọ rẹ̀. Ó jókòó. Òwú gùn lọ jìnnà níwájú rẹ̀, wọ́n ti so ìdí rẹ̀ mọ́ òkúta kí ó má baà dẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìtẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, omù kan gòkè, èkejì sọ̀ kalẹ̀, òwú là sí méjì. Ọ̀kọ̀ fò láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí ti òsì. Ọwọ́ fa igi, ó gbá fọ́nrán tuntun mọ́ èyí tó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì tẹ tirẹ̀, ọ̀kọ̀ fò padà. Báyìí ni yóò máa ṣe láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀, ohùn òfì kò ní í dá, èjìká rẹ̀ kò ní í gbọ̀n. Bí ẹni tí kò ṣe é rí bá jókòó síbẹ̀, kó tó hun ìwọ̀n ìka kan, ẹ̀yìn yóò ti máa dùn ún. Agbára ńlá ni. Ṣùgbọ́n agbára ẹni tó jókòó ni. Ẹsẹ̀ ń tẹ nǹkan, kò gbé ara. Iṣan kéékèèké ló ń ṣiṣẹ́, ọkàn kò sì ní ìdí tó fi máa sáré.

Ẹ tún wá wo ẹni tó ń kọ ebè. Ó tẹ̀, ó fi ọkọ́ wọ́ ilẹ̀ láti ọ̀tún, ó wọ́ láti òsì, ó gbé e ga, ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá orí ebè kó lè dúró. Ó nà. Ó nu òógùn. Ó wo iye tó kù. Nígbà míì, yóò lọ sábẹ́ igi emi lọ mu omi, yóò bá ẹni tó ń kọjá sọ̀rọ̀, yóò padà sídìí ebè. Ìsinmi wà nínú iṣẹ́ náà látilẹ̀wá, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pín in fún ara rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí mọ nǹkan kan tí mo fẹ́ ká rántí títí tí a ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí: ó mọ̀ pé ẹni tó bá fi gbogbo agbára kọ ebè àkọ́kọ́ kò ní í rí agbára fi kọ ti ìyálẹ̀ta. Bí ọmọ tuntun kan bá dé oko tó ń ju ọkọ́ bí ẹni tí inú ń bí, àwọn àgbà á ní kó rọra, pé ilẹ̀ kò ní í sá lọ.

Òkè gígun náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ sí Adó-Àwáyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, mọ ohun tí mò ń wí. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n ṣe sí ara òkè náà, lẹ́yìn wọn ni àpáta ràbàtà tí a ó máa fẹsẹ̀ rìn títí a ó fi dé ibi tí Ìyàkẹ, adágún omi tó wà lórí òkè, gbé wà. Èmi fẹ́ràn òkè yẹn ju eré ìdárayá èyíkéyìí lọ. Itan á gbóná, òógùn á bo ojú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi eré gùn ún. Gbogbo ènìyàn ló ń dúró lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń yíjú wo òrùlé ilé nísàlẹ̀, tí wọ́n ń ya fọ́tò, tí èémí ń padà sípò. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ lórí àtẹ̀gùn pé òkè kò sí lára òun torí pé òun dúró mí.

Ní ti eré sísá, ìsinmi yìí kò sí nínú rẹ̀ àfi bí a bá fọwọ́ ara wa fi í síbẹ̀. Bí a bá ń rìn, ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Bí a bá ń sáré, ẹsẹ̀ méjèèjì ń kúrò nílẹ̀, ẹyọ kan ló sì ń gba gbogbo ara padà, pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwúwo ẹni náà. Ẹni tó wúwo tó kílò 80, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lè máa gba ohun tó tó kílò 160 sí 240 ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣísẹ̀ náà kò sì lóǹkà. Òfì kò kọ́ ẹsẹ̀ ní èyí, ọkọ́ kò kọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù kọ́ ọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń sáré, á rìn, á dúró, á tún sáré ni. Kò sẹ́ni tó ń fi ìdajì wákàtí sáré lórí pápá láìdúró.

Nǹkan kejì tún wà níbẹ̀, òun ló sì ń ṣe àwọn alágbára léṣe jù. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró a máa tètè gbọ́n: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Àmọ́ egungun ojúgun àti iṣan líle tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀. Oṣù gbọọrọ ni wọ́n ń lò. Ẹni tí iṣẹ́ oko tàbí bọ́ọ̀lù ti fún ní ọkàn tó le, èémí rẹ̀ lè gbé e dé ibi tí ojúgun rẹ̀ kò tíì lè dé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó lágbára jù lọ nínú ẹgbẹ́ fi lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò máa tiro. Kò fi hàn pé ara rẹ̀ kò gba eré. Apá kan lára rẹ̀ ti síwájú, apá kejì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Níbo la ti kọ́ àṣà kí a máa fi gbogbo agbára bẹ̀rẹ̀? Ilé-ìwé ni, lójú tèmi. Ẹ rántí ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní intahaùsì. Wọ́n ti gé koríko pápá, wọ́n ti fa ìlà funfun sílẹ̀, wọ́n pín wa sí ilé aláwọ̀ ewé, pupa, olómi aró àti ofeefee. Wọ́n fọn fèrè, a ti gbéra: mítà 100, ó ti tán. Ẹni kìn-ín-ní, ẹnì kejì àti ẹnì kẹta gba ìwé tàbí abọ́ tàbí ife. Àwọn tó kù lọ jókòó sábẹ́ tapólì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà ti gba ìdájọ́ tí yóò gbé dé ogójì ọdún, pé òun kò mọ eré sá. Kò sẹ́ni tó wò ó bóyá ọmọ yẹn ni ì bá ṣì máa sáré lọ nígbà tí gbogbo àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ bá ti dúró.

Àwọn akọni tí a gbé sójú ọpọ́n náà tún fi ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, 1996, Falilat Ogunkoya sá mítà 400 ní Atlanta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 49.10, ó gba bàbà Òlíḿpíìkì, àkókò náà sì di èyí tó yára jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọjọ́ 24, oṣù Keje, 2022, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fo igi mẹ́wàá lórí mítà 100 ní Eugene, Amẹ́ríkà, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, kò sì sí obìnrin kankan láyé tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí lórí eré náà. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ń wú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ jù nínú eré sísá tí Nàìjíríà ń pàtẹ́wọ́ fún ló ń parí kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Eré gígùn ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀: Òkpẹ̀kpẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó bẹ̀rẹ̀ eré kìlómítà 10 tiwọn lórí òkè lọ́dún 2013, Èkó bẹ̀rẹ̀ máráthọ́ọ̀nù tirẹ̀ ní oṣù Kejì, 2016, kìlómítà 42 lé díẹ̀. Ọmọ Kẹ́ńyà ló gba ti Èkó lọ́dún àkọ́kọ́. Àwọn tó bá sì ti lọ wo àwọn ará Kẹ́ńyà níbi ìgbáradì wọn ní Iten máa ń sọ ohun kan náà: ní àwọn ọjọ́ tí eré kì í ṣe ti ìdíje, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ falẹ̀ débi pé ó ń ya àlejò lẹ́nu. Àwọn tó yára jù láyé kò tijú láti rọra.

Àwa ń tijú. Ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, bí ẹ bá ń sáré tí ẹni tó ń rìn lọ sọ́jà fẹ́ẹ̀ kọjá yín, ojú yóò tì yín, ẹsẹ̀ á sì yá láìjẹ́ pé ẹ rán an. Ibẹ̀ gan-an ni eré ti ń bàjẹ́. Ìwọ̀n tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni èyí tó fi lè máa sọ̀rọ̀: gbólóhùn tó pé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí èémí yóò gé. Bí ẹnì kan bá kí yín pé "Ẹ káàárọ̀ o, ilé ńkọ́?" tí ẹ kò lè dáhùn délẹ̀, ẹ ti ń yára jù. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣì ń jáde, afẹ́fẹ́ tí ẹ ń fà sínú ń tó iṣan lò. Bí kò bá jáde mọ́, gbèsè ni iṣan ń jẹ, kò sì ní í pẹ́ tó fi máa bèèrè owó rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi ìrìn sáàárín eré látìbẹ̀rẹ̀, kí a má dúró di ìgbà tó bá rẹ̀ wá. Jeff Galloway, ọmọ Amẹ́ríkà tó sá mítà 10,000 ní Òlíḿpíìkì Munich lọ́dún 1972, bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò pẹ́ sí ìgbà náà. Lọ́dún 1996, ọmọ Amẹ́ríkà míì, Josh Clark, ṣe ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kan nítorí ìyá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ: lẹ́yìn ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyá náà á sáré fún ìṣẹ́jú-àáyá 60, á rìn fún 90, á tún sáré, á tún rìn, títí ogún ìṣẹ́jú yóò fi pé, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àìmọye ènìyàn káàkiri àgbáyé ló ti gba ibẹ̀ dé orí kìlómítà márùn-ún. Ẹni tí kò ní aago lè lo òpó iná tó wà lẹ́bàá títì: sá láti òpó kan dé èkejì, rin òpó méjì, tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, sá ọ̀kan, rin ọ̀kan. Òpó iná tó máa ń wà láìsí iná, ó kéré tán, a rí ohun tí a lè fi í ṣe.

Síbẹ̀, kò pọn dandan ká wo òkè òkun ká tó rí ìwọ̀n eré tó tọ́. Ó ti wà láàárín wa. Bí ọdún tuntun bá mọ́, tàbí láàárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésìmesì, àwọn ọ̀dọ́ máa ń jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìlú wa, wọ́n á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á máa sáré yí ìlú ká. Ẹnì kan ń dá orin, àwọn tó kù ń gbè é. Agogo tàbí gáàlọ́ọ̀nù òfìfo ń dún. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn dáadáa lọ́jọ́ tí ẹ bá tún rí wọn. Wọn kò yára. Wọn kò lè yára, nítorí orin. Ẹni tó bá sáré ju orin lọ kò ní í lè gbè é mọ́, orin yóò sì fà á padà. Lára wọn ni ẹ ó rí ẹni tó sanra, ẹni tó ti lé ní ogójì, obìnrin tó ń tajà, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí tó wálé ọdún, wọ́n á jọ yí ìlú ká láìsí ẹni tó fọwọ́ ti orúnkún. Àwọn ológun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn olùkọ́ eré lókè òkun ń fi ìwé ṣàlàyé, pé kí ẹni tó ń sáré lè máa sọ̀rọ̀, orin ti ṣe é fún wa.

Orin náà ló tún ń yanjú ọ̀rọ̀ "Ṣé kò sí o?" Kò sẹ́ni tó ń bi ogún ènìyàn tó ń kọrin pé kí ló ń lé wọn. Àwọn tó ń gbálẹ̀ á pàtẹ́wọ́, ọmọdé á tẹ̀ lé wọn dé ìkángun àdúgbò. Ó kàn ń dùn mí pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni. Ọjọ́ kejì, gbogbo ènìyàn á dùbúlẹ̀, ara á máa ro wọ́n, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bí ènìyàn márùn-ún bá lè máa ṣe é ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ní àdúgbò kan, kódà láìsí aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á ti rí olùkọ́, wọ́n á ti rí aago, wọ́n á sì ti rí ààbò lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo mẹ́nu ba ààbò, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Láti ọdún mélòó kan wá, ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ti wọ àwọn ọ̀nà inú igbó wa. Ọ̀nà oko tó rọ̀ lẹ́sẹ̀, tí igi emi àti igi igbá ń ṣíji bò, òun ni ì bá dára jù fún eré, ṣùgbọ́n n kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dá lọ síbẹ̀ ní kùtù. Pápá ilé-ìwé ló sàn, tàbí àdúgbò tí ojú mọ̀. Títì ńlá ní ewu tirẹ̀. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, ti dán láti ìgbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti tún un ṣe, bó sì ṣe dán ni ọkọ̀ ṣe ń fò. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ti ń rìn ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, 1972. Ọwọ́ òsì ni kí ẹni tó ń sáré wà, kó lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Kí ó má fi nǹkan dí etí.

Ní ti ojú ọjọ́, ilẹ̀ ọ̀dàn kì í fi oòrùn ṣeré. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, kó tó di aago mẹ́sàn-án, ooru ti ń ti ilẹ̀ jáde. Lágbègbè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí bí tiwa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti jí fún ìrun àṣùbáà. Ẹni tó bá ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ tí kò padà sórí ibùsùn ti rí àkókò rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ tutù, ó sì dùn ún sá, àmọ́ eruku rẹ̀ kò dára fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀lá-dìde, ẹni tí àyà ń dùn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru gidi, kó rí dókítà kó tó gbéra. Àwọn obìnrin wa ń gba ìbéèrè ju ọkùnrin lọ, ní Ṣakí àti níbi gbogbo: kí ló ń lé ìyàwó ilé kiri? Mo ti rí àwọn tó wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù tó balẹ̀ àti híjáàbù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n jáde ní mẹ́ta mẹ́ta, tí ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Bàtà òkìrìkà tó bá ẹsẹ̀ mu tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Abebe Bikila ará Ẹtiópíà kò wọ bàtà rárá nígbà tó gba góòlù máráthọ́ọ̀nù ní Róòmù lọ́dún 1960, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ilẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ pọn dandan kí ẹni tó fẹ́ràn ọkọ́, irin tàbí òkè sáré? Rárá. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ lọ́dún 2020 ni kí àgbàlagbà máa ní ìṣẹ́jú 150 sí 300 eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 ti èyí tó lágbára. Oko wà nínú ìṣirò yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ijó àti kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń kọ ebè ní gbogbo òwúrọ̀ ti ṣe tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi eré halẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tí oko wọn ti di ọjọ́ Sátidé nìkan, tí ọ́fíìsì tàbí ṣọ́ọ̀bù ti gba ọjọ́ márùn-ún yòókù. Fún wọn, eré ní èrè tí mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti lè rí i: ogún ìṣẹ́jú tó, kò gba owó ẹgbẹ́, kò dúró de ẹni mọ́kànlá, ẹnu ọ̀nà ilé ni pápá rẹ̀.

Kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ bí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tó wàjà ní oṣù Kẹrin, 2022, ṣe fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, tó sì ń ṣe eré ìdárayá dọjọ́ alẹ́. Ẹ lọ bi abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò èyíkéyìí bóyá eré àárọ̀ ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ náà. Ẹ̀ṣẹ́ ló fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ó ń sáré, nítorí ó mọ̀ pé níbi tí ìjà bá le dé, èémí ni yóò yà á sọ́tọ̀. Mo rò pé ojú tó yẹ kí àwa náà fi wo ó nìyẹn. Kí eré máa sin ohun tí a fẹ́ràn.

Ẹni tó bá fẹ́ràn òkè bí tèmi, kó sáré ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, kó fi Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè sinmi, kó gun òkè rẹ̀ ní Sátidé. Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, kó má wọn jíjìn rẹ̀, kó má bá ẹnikẹ́ni díje, kó máa sá a ní ìwọ̀n orin. Ìyàtọ̀ kì í sábà kọ́kọ́ hàn lójú títì, níbi tí gbogbo àárọ̀ yóò ṣì máa dà bí àkọ́kọ́. Orí àtẹ̀gùn Adó ló ti ń hàn: ibi tó máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀ á ti kọjá kó tó rántí pé ibẹ̀ lòun máa ń dúró sí. Lóko, yóò rí i pé òun nà lẹ́ẹ̀kan níbi tí òun ti ń nà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà náà ló lè pinnu bóyá kí eré di ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, tàbí kó fi mọ sí méjì. Méjì náà tó.